Bàálù Ogun àti Ilẹ̀ Tó Dúró Lé

Akọ̀wé, jókòó. Gbẹ́nàgbẹ́nà, gbé ayùn rẹ sílẹ̀, kò sí igi tí o máa gé nínú ilé yìí títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin ará Òkè-Ahùn tí ẹ tẹ̀ lé wọn wá wòran, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó mú àpótí wá, kó fi jókòó. Ẹni tí kò mú wá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò kọ ìdí ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi lọ́sàn-án yìí, ẹ sì ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, ìtàn tí mo bá fi ìbínú bẹ̀rẹ̀, n kì í gé e kúrú.

Ẹ wo ohun tó wà lórí tábìlì yìí. Bàálù ogun ni. Igi ahùn ni mo fi gbẹ́ ẹ, kò gùn ju ìgúnpá mi dé orí ìka lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà lára ti gidi tí kò sí lára rẹ̀: abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú, gíláàsì tí awakọ̀ ń wò jáde, ìbọn mẹ́rin lára apá, àní ìṣó wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi kan ara rẹ̀ pọ̀, ẹnu abẹ́rẹ́ ni mo fi tẹ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ tó dúró lé wà, pákó tó fẹ̀ tó ẹní ọmọ ìkókó. Yangí tí mo lọ̀ kúnná ni mo fi ṣe ojú pápá. Kànìnkànìn tí mo rẹ sínú omi ewé ni mo fi ṣe igbó. Mo gbẹ́ kùkùté igi sí i, mo sì gbẹ́ èèyàn sí i.

Káńsù kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n kan àpótí onígíláàsì kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní bàálù mi ni àwọn fẹ́ gbé sínú rẹ̀. Mo gbà. Àṣé bàálù nìkan ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn ilẹ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ yìí ni akọ̀wé dé pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, ó ní ilẹ̀ náà kò wọ àpótí, ó ní kí n jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ayùn gé ẹsẹ̀ bàálù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní bàálù ni aráyé fẹ́ wò, pé kí n fi èyí tó kù dáná. Igi ìdáná ni ó pe àwọn èèyàn mi.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Akọ̀wé, wọn kò tíì bí ọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò ní bá ọ jà títí n ó fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, a ó wò ó.

Ìgbà tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun ni. Wọ́n ń wá ibi tí bàálù ogun wọn yóò máa bà sí, wọ́n wò yíká, igbó ẹ̀yìn odò wa ni ó wù wọ́n. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún láti Òkè-Ahùn ni wọ́n kó lọ gé e. Èmi kò sí nílé. Mo ti ré odò kọjá lọ sí oko ọdẹ, oṣù mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá dá mi lẹ́jọ́. Látẹ́jú àbúrò mi wà lára àwọn tó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, igi àràbà kan kọ̀, kò wó síbi tí wọ́n fà á sí, Látẹ́jú ni ó wó lé. Etí pápá níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú tán, wọ́n lé gbogbo ará ìlú, wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ibẹ̀ ká, kò sì sí ọmọ Òkè-Ahùn kan tó fojú rí bàálù tó bà sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ìró rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ lókè ìkùukùu. Nígbà tí ogun parí wọ́n ká wáyà wọn lọ, igbó padà sí àyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí sàréè àbúrò mi wà mọ́.

Àwẹ̀ró ìyá wa kò sunkún lójú èèyàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí jókòó. Ó ní, "Ọdẹ́níran, bí ejò bá bu ọmọ ẹni ṣán, tí ọmọ náà kú, wọn a pa ejò yẹn, wọn a gbé òkú rẹ̀ wá fún ìyá ọmọ kó wò ó. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa ọmọ mi, n kò mọ̀ ọ́n lójú. Ìwọ tí o ń pe ara rẹ ní ọdẹ, mú un wá kí n rí i, kí ojú mi tó fọ́ tán."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo fi ọta kan pa ẹfọ̀n méjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, awọ èkejì ni mo jókòó lé yìí. Mo ti ru ẹran tó wúwo jù mí lọ wọlé rí, ṣùgbọ́n ta ni yóò ru bàálù ogun wálé fún ìyá rẹ̀? Mo rò ó títí ó fi sú mi. Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sára ìbọn mi, mo rántí pé ìdí rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ. Ẹni tó lè gbẹ́ ìdí ìbọn lè gbẹ́ bàálù kékeré, bó bá ti rí èyí tó tóbi tí yóò wọ̀n. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ọ̀kan já lulẹ̀ nígbà ogun sínú Igbó Ajẹrin, níbi tí àwọn iwin ti ń fi irin ṣe oúnjẹ. Mo mú okùn, mo mú àáké àti ìbọn, ó di ọ̀nà.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Mo rìn, mo dé. Ẹnu ibodè igbó náà ni mo ti pàdé iwin kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́nu-Méjì. Ẹnu kan wà níwájú orí rẹ̀, ìkejì wà ní ìpàkọ́. Tiwájú ń pa àlọ́, tẹ̀yìn ń gbé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mì. Ẹnu iwájú ní, "Gbogbo ayé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò bínú. Ẹni tó ń rìn, òun ló gbé e. Ẹni tó sùn, òun ló gbé e. Ẹni tó ń fò lókè pàápàá, bó pẹ́ bó yá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ̀ sí. Kí ni?" Mo kọ́kọ́ dáhùn pé màlúù ni. Iwin náà yí ìpàkọ́ sí mi, ó sì gbé fìlà ọdẹ mi mì, fìlà tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ní ìdáhùn kan ló kù, pé orí tó wà lábẹ́ fìlà ló kàn.

Ẹ̀rù kò bà mí. Inú ló bí mi nítorí fìlà náà. Mo bú u, mo bú ìyá tó bí i, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo fi janlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kanlẹ̀ báyìí ni mo mọ ohun tí mo tẹ̀. Mo ní ilẹ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sì yà fún mi.

Nígbà tí mo wọnú igbó, àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ohun tí mo rí, mo rí i dáadáa. Bàálù náà dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn igi, ìtàkùn ti dè é mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ wọ ilẹ̀. Iwin kan tó sanra jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ya apá òsì rẹ̀ jẹ bí ẹni ń jẹ iṣu sísun. Ọ̀jẹrin ni orúkọ rẹ̀. Mo kí i, mo ní n kò wá bá a du oúnjẹ, mo kàn fẹ́ wọn ohun tó kù ni. Ó ní agbọ́n ti ṣe ilé sínú gbogbo ihò ìbọn bàálù náà, pé bí mo bá wọ̀n ọ́n tán láìpariwo, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹnu ké pẹ́ẹ́, èmi ni òun yóò fi jẹ irin tó kù.

Agbọ́n yẹn kì í ṣe agbọ́n ilé. Wọ́n ta mí létí, wọ́n ta mí ní ètè, èyí tó kéré jù nínú wọn ta mí níbi tí n kò lè dárúkọ níwájú àwọn obìnrin tó jókòó síhìn-ín. Mo fi eyín di okùn mú kí ẹnu mi má baà yà. Ìgbésẹ̀ kan lára ti gidi, mo ní yóò di ìbú ìka méjì lára tèmi, mo sì ń ta kókó kan sí okùn fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo wọn ara, mo wọn ìrù, mo wọn apá ọ̀tún. Apá òsì ti wà nínú Ọ̀jẹrin, nítorí náà mo ka kókó okùn apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ̀ pé bí ọ̀kan ṣe rí ni èkejì rí. Nígbà tí mo parí, orí mi ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi ìbá rí mi kó má mọ̀ mí. Ọ̀jẹrin bínú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń jẹ irin rẹ̀ lọ.

Ìlú tó wà lẹ́yìn igbó yẹn ni wọ́n ń pè ní Ìlú Sọdikékeré. Àwọn ará ibẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, iṣẹ́ wọn kò sì ju pé kí wọ́n ṣe kékeré gbogbo ohun tó wà láyé lọ. Mo rí òkè kan tí wọ́n gbé sínú àwo, mo rí ọjà kan tó pé pérépéré lórí ìdérí ìkòkò. Obìnrin àgbà kan ni olórí àwọn oníṣẹ́ wọn, Ìyá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, òun ni ó kọ́ mi. Apá bàálù mẹ́ta ni mo ṣẹ́ sọ́wọ́ kí ìkẹrin tó yè. Ó ní ọwọ́ tí mo fi ń pa ẹran ni mo fi ń gbẹ́ igi, pé ẹran ti kú, kí n fi í sílẹ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ewé ìpín ra igi títí yóò fi dán, bí wọ́n ṣe ń kun ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí tòkè tó gùn ún. Ìwàǹwara pa iṣẹ́ mi run lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún un ṣe.

Òfin ìlú wọn ni pé ohunkóhun kì í jáde níbẹ̀ láìní ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹyẹ gbọ́dọ̀ bà sórí ẹ̀ka, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí odò. Mo fẹ́ràn òfin yìí. Àfi nígbà tí bàálù mi parí tí mo gbé e lọ síwájú ọba wọn. Ó yìn ín títí, ó wá ní kí wọ́n gbé ilẹ̀ kan wá fún mi, pákó kan tó ń dán bí ojú omi, kò sí koríko lórí rẹ̀, kò sí kùkùté. Àwòrán ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ sí i, ọba fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ mú ìbàdí bí ẹni pé òun ló fi ẹnu fẹ́ igbó ibẹ̀ lọ.

Mo bèèrè pé àwọn ọkùnrin ìlú mi tó gé igbó láti ṣe ilẹ̀ náà ńkọ́. Ọba ní ta ni ń ṣe ilẹ̀, ilẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lójú. Mo gbàgbé pé ọba ni, mo gbàgbé pé ìlú rẹ̀ ni mo wà.

"Kábíyèsí," ni mo wí, "nílé wa, bí a bá pa ẹran, ẹni tó yìnbọn ló ni orí. Ẹni tó tọpa rẹ̀ ló ni itan. Ẹni tó rù ú délé ló ni àyà. Ajá tó lé e, a ó ju ìfun fún un. Ẹni tó kàn bá wa níbi tí a ti ń kun ún kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ọdẹ tó bá dá ẹran jẹ, a kì í bá a ṣọdẹ mọ́. Ìwọ kò yìnbọn, o kò tọpa, o kò rù, o sì ti jẹ ẹran tán, o ń nu ẹnu."

Ọba kò bínú bí mo ṣe rò, ẹ̀rín ni ó rín, irú ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ni. Ó ní òkúta kan wà lẹ́bàá ìtẹ́ òun tó máa ń ké bí ènìyàn bá ń ka orúkọ tó sì fo ẹnìkan. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé e, kí n dárúkọ àwọn ọkùnrin tó gé igbó náà. Bí òkúta bá ké, èmi pẹ̀lú yóò di kékeré, wọn yóò sì gbé mi sórí àwo. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Gbádégẹṣin tó ní àáké tó mú jù, mo dárúkọ Oyèkàn aláṣejù àti ìbejì Alájogún, mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jókòó ní ìsọ̀ ẹmu. Orúkọ Látẹ́jú ni mo fi di mẹ́tàdínlógún. Òkúta kò fọhùn. Ọba ní kí wọ́n gbé pákó dídán kúrò.

Mo ṣe ilẹ̀ tèmi. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi ga lọ́jọ́ náà ju igi tí wọ́n gé lọ. Nígbà tí mo ń di ẹrù, Ìyá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mú ìyókù igi ahùn tí mo fi ṣiṣẹ́, ó fi ewé wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ ti parí. Ó ní kí n ṣáà mú un dání, ilé ni n ó ti mọ ohun tó wà fún.

Mo délé lọ́sàn-án gangan. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí òòrùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí mọ́. Mo pẹ́ jù. Mo gbé bàálù ka iwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé e. Ó fi ìka tọ́ ọ láti imú dé ìrù, ó fi ọwọ́ kan ìbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bèèrè bí ti gidi ṣe tóbi tó, mo sọ fún un. Ó ní, "Òun nìyí." Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ń fọwọ́ kan àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ wọn fún un. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Látẹ́jú lábẹ́ àràbà, kò jẹ́ kí n dárúkọ. Ó fi ìka méjì dì í mú pẹ́.

Mo ń dúró de ìwúre. Ọwọ́ ìyá mi kúrò lára Látẹ́jú, ó lọ sí ojú pápá, ó ń fi àtàǹpàkò ra yangí.

Ó ní, "Ta ló gbé èyí wá síbẹ̀?"

Mo ní àwọn ọkùnrin náà ni.

"Àwọn ọkùnrin gé igi. Yangí ni mo bi ọ́."

Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé àtàrí rẹ̀, níbi tí irun kì í hù sí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti oko ọdẹ ni mo ti ń rí ibẹ̀ yẹn, ogbó ni mo pè é. Obìnrin mẹ́tàlélógún, ẹ gbọ́ mi dáadáa, mẹ́tàlélógún ló fi apẹ̀rẹ̀ ru yangí láti etí odò dé pápá fún oṣù méjì gbáko, ìyá mi wà lára wọn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tí mo dé, nítorí n kò bèèrè. Ọjọ́ tí igi pa Látẹ́jú, ẹrù wà lórí ìyá mi ní agbedeméjì ọ̀nà nígbà tí wọ́n sáré wá sọ fún un. Ọ̀gá tó ń darí wọn ní kò gbọdọ̀ sọ ẹrù náà kalẹ̀ títí yóò fi dé pápá.

Ìyá mi ní, "Mo rù ú débẹ̀ kí n tó sunkún ọmọ mi. Ọdẹ́níran, nínú òfin yín, ẹni tó ru ẹran délé, kí ni ìpín rẹ̀?"

Mo ní, "Àyà ni, ìyá mi."

"Níbo ni ìpín wa wà?"

Arítẹnimọ̀ọ́wí, ó fi àpáàdì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi tí mo bú ọba láàfin rẹ̀, èmi náà ti jẹ ẹran tán, mo ń nu ẹnu. Ọba bi mí léèrè àwọn ọkùnrin tó gé igbó, ohun tó bi mí ni mo dáhùn, òkúta kò sì ní ìdí tí yóò fi ké. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Mo tú ewé tí mo gbé bọ̀, mo gé igi inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Mẹ́tàlélógún ni ó jẹ́, kò lé, kò dín.

Ìyá mi ń dárúkọ wọn, mo ń gbẹ́ wọn. Ara tirẹ̀ ni mo gbẹ́ kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ wò ó, ó ní apẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ kéré, ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún un gbẹ́. Ó fọwọ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó ku díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ yẹn kó tó gbé e lé ilẹ̀ fúnra rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Látẹ́jú. Ọdún yẹn náà ni ó kú, òun ni mo sì ṣe ń fi omi nu pákó yìí láràárọ̀ ju bí mo ṣe ń nu ojú ara mi lọ.

Akọ̀wé, dìde, wá síbí. Má fi rúlà kàn án, ọwọ́ ni kí o fi kàn án. Eléyìí tí ẹrù rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ ni Àwẹ̀ró. Wọ́n ní kó má sọ ẹrù náà kalẹ̀ títí yóò fi dé pápá. Ó ti dé pápá. Bí o bá ní ẹnu tí o máa fi sọ fún un lónìí pé kó kúrò níbẹ̀, pé àpótí yín kò gbà á, sọ ọ́ sí i létí, gbogbo wa ń gbọ́.

O ti gbé rúlà rẹ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà, mú ayùn rẹ. Àpótí yín ni kí o lọ gé.